Ọmọ Tó Ń Di Etí

Bí ẹ̀rọ ìlọta bá dún lọ́jà Idigny ní ilẹ̀ Kétu, àwọn ọmọ kan wà tí wọn ò ní lè mú un mọ́ra. Wọn á fi ọwọ́ méjèèjì di etí, wọn á dùbúlẹ̀, wọn á máa ké. Ojú gbogbo ọjà á wá yí sí ìyá ọmọ. Ẹnì kan á ní wọn ò kọ́ ọ nílé; ẹlòmíràn á ní pàṣán ló ń wá. Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ta ni nínú wa tí kò tíì bá wọn sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí, bó jẹ́ nínú ọkàn lásán?

Ṣé àìgbẹ̀kọ́ ni lóòótọ́? Àwọn ọmọ kan wà tí ariwo ń wọ̀ lára ju tiwa lọ, tí iná ń gún lójú, tí aṣọ tó le ń jó lára bí èsìsì. Púpọ̀ nínú àwọn tó ní ọ́tísíìmù, ìyẹn ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, rí bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé lọ́dún 2021, nǹkan bí ẹnì kan nínú ènìyàn 127 ló ní in. Ẹ wo iye ọmọ tó ń tò láàárọ̀ nílé ẹ̀kọ́ àdúgbò yín, kí ẹ fi ṣírò.

Àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan lókè òkun ti ń ro ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Science Museum ní London ní àárọ̀ tí wọ́n ń pè ní Early Birds, tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún wọn kí èrò tó dé. Museum of the Moving Image ní New York, ilé sinimá àti kàtúùnù, náà ní àárọ̀ tirẹ̀ fún wọn. Ohun tó wù mí jù nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni kí ọmọ fúnra rẹ̀ ṣe kàtúùnù. Ká ní ìtàn Àjàpá ni. Wọ́n á pín bébà sí àpótí-àpótí: nínú èkíní, Àjàpá jáde nílé, nínú èkejì, ó pàdé Ajá, nínú ẹ̀kẹta, àwọn méjèèjì wọ oko oníṣu. Bí wọ́n ṣe ń kan àwòrán mọ́ pátákó nìyẹn nílé iṣẹ́ Walt Disney láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọmọ á mú Àjàpá tó fi amọ̀ mọ, á sún un díẹ̀, á ya fọ́tò, á tún sún un. Àwòrán 24 ló ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú sinimá, ẹ ò rí i pé iṣẹ́ sùúrù ni! Àmọ́ ọmọ tí à ń sọ yìí rí ohun tó ń bọ̀ kó tó dé. Nǹkan kan ò ní já lù ú. Bí kò bá sì lè fẹnu sọ̀tàn, àwòrán á bá a sọ ọ́.

Ṣé àjèjì ni ère tó ń mira ní ilẹ̀ Kétu? Lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa, tí UNESCO kéde lọ́dún 2001 pé ogún gbogbo ayé ni, àwọn agbẹ́gilére máa ń gbẹ́ ẹyẹ, ejò àti ènìyàn tó ń mira. Ẹni tó gbé e á fa okùn lábẹ́ aṣọ, ère á yíjú, èrò á hó. Ṣùgbọ́n alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, apá òru nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tòun ti ìlù àti èrò rẹpẹtẹ lójú ọjà, ju agbára ọmọ yẹn lọ. A á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, a á kó àwọn àbúrò rẹ̀ lọ. Kí ni àwọn àbúrò kọ́ lọ́dọ̀ wa lálẹ́ ọjọ́ náà? Pé ẹni tí ariwo bá ń dà láàmú, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni àyè rẹ̀. A ò sọ ọ́ fún wọn, wọ́n sì ti gbọ́.

Àwọn kan á ní láyé àtijọ́ kò rí báyìí. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Fìtílà kan, ohùn ìyá àgbà tí kì í lọ sókè, ègbè tí gbogbo ọmọ ti mọ̀ kó tó kàn wọ́n: ọmọ tí ariwo ń dá lágara lè jókòó gbọ́ àlọ́ níbẹ̀ títí oorun á fi gbé e. Lónìí, tẹlifíṣọ̀n kì í sinmi, fóònù ń ké, gbohùngbohùn ilé ìjọsìn ń dá a lóhùn. Àwa la tan púpọ̀ nínú wọn, àwa la tún ń bi ọmọ pé kí ló ń ṣe é. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká má parọ́ mọ́ àtijọ́: irú ọmọ yìí kan náà ni àwọn kan ń pè ní emèrè, tí wọ́n ń fi pamọ́ sí yàrá inú lọ́hùn-ún.

Àwọn ọmọ wa mọ Kirikou, kàtúùnù tí Michel Ocelot gbé jáde lọ́dún 1998. Gbogbo abúlé ń sá fún àjẹ́ inú rẹ̀, Karaba. Kirikou, ọmọ kékeré, nìkan ló ń béèrè ìdí tó fi burú. Ẹ̀gún ni wọ́n gún mọ́ ọn lẹ́yìn! Ẹ̀ẹ̀melòó la ti bá àwọn ọmọ wo fíìmù yìí, tí a rẹ́rìn-ín, tí a sì pa á láì béèrè irú ìbéèrè yẹn nínú ilé tiwa?

Àwọn ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà nílé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Alexandre Sènou Adandé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn. Nílé, páálí ọṣẹ, èédú àti tẹlifíṣọ̀n tí a pa tó láti fi bẹ̀rẹ̀ kàtúùnù ọmọ. Ẹ̀yin tó ń tọ́jú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu sì ńkọ́? Níbi tí èèwọ̀ bá gbà yín láyè dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya àárọ̀ kan sọ́tọ̀ kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn ọmọ wọ̀nyí wá fọwọ́ ara wọn fa okùn ère yẹn.