Màmá Wa àti Bọ́tìnnì SPORT

Ní òjò tó kọjá, Bọ̀dá tó jẹ́ àbúrò Màmá wa pè wá láti Ìbàdàn. Físà Kánádà rẹ̀ ti jáde, ó sì fẹ́ ta ọkọ̀ rẹ̀ kó tó lọ. Ó ní kí Bàbá wa wá mú un ní owó tó kéré sí ohun tí àwọn oníṣòwò ọkọ̀ ń pè é.

"Ẹ bá mi sọ fún Bàbá yín pé ọkọ̀ gidi ni o. Ẹ tẹ bọ́tìnnì kan báyìí, ó dẹ̀. Ẹ tún un tẹ̀, ó le bí ọkọ̀ eléré ìje."

Bàbá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni. Owó yẹn kì í wá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yìn ń dun Màmá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fojú kan dókítà ní Ìbàdàn. Láti Ìgàngán, a máa ń gba Tápà, Ayétẹ̀, Ìdèrè, Igbó-Ọrà àti Èrúwà kí a tó yọ sí Ìdó. Ẹni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì ní ọ̀nà yẹn lẹ́yìn òjò ńlá kò nílò àlàyé lọ́dọ̀ wa. Tí Màmá bá dé láti ilé ìwòsàn, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń dùbúlẹ̀ nítorí ìrìn àjò tó yẹ kó wò wọ́n sàn.

Bàbá ní, "Tí bọ́tìnnì yẹn bá lè jẹ́ kí ẹ̀yìn ìyá yín sinmi, mo máa rà á. Ẹ̀yin lẹ kàwé ẹ̀rọ, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò fún mi." Ní tòótọ́, ọ̀kan ṣoṣo nínú wa ló ń kàwé ẹ̀rọ, èdè Yorùbá ni ẹnì kejì ń kà. Ṣùgbọ́n ìbejì ni wá, ará Ìbàràpá sì tún ni wá. Nílé wa, ìwé ẹ̀rí kan ṣoṣo làwa méjèèjì ní.

Ohun tí bọ́tìnnì náà ń ṣe kò le yé èèyàn. Sípíríǹgì ló ń gbé ọkọ̀, ṣọ́ọ̀kì ló sì ń bá sípíríǹgì wí kó má báa máa jó lọ lẹ́yìn tí kòtò ti kọjá. Òróró wà nínú ṣọ́ọ̀kì. Bí táyà ṣe ń lọ sókè sódò, òróró náà ń gba ihò kéékèèké kọjá. Tí ihò bá fẹ̀, ọkọ̀ a dẹ̀. Tí ihò bá há, ọkọ̀ a le. Nínú ọkọ̀ tí gbogbo wa mọ̀, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti pinnu bí ihò yẹn ṣe máa rí títí ayé. Nínú ti Bọ̀dá, kọ̀ǹpútà ló ń fi iná mànàmáná fún ihò náà pọ̀ tó sì ń tú u sílẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Irú mìíràn tún wà tí wọ́n ń po ìyẹ̀fun irin mọ́ òróró rẹ̀, tí òróró náà á ki lójú ẹsẹ̀ tí òòfà tí iná ń ṣe bá ti kàn án. Cadillac fi irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ Seville ní Amẹ́ríkà ní 2002. Àwọn ará Faransé tilẹ̀ ti fi òróró àti afẹ́fẹ́ gbé ọkọ̀ ní 1955, nígbà tí Citroën gbé DS jáde.

Nígbà tí a ń ṣàlàyé èyí fún Bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Faransé kan náà ló ṣe Peugeot 504. Ọkọ̀ yẹn jáde ní 1968, ní 1975 sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná. Bàbá ní òun fi ojú òun rí 504 tó kó èèyàn àti àpò láfún kún dẹ́ńdẹ́ńdẹ́, tó sì ń fò lórí kòtò Ìbàràpá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Kò ní kọ̀ǹpútà. Sípíríǹgì rẹ̀ gùn, táyà rẹ̀ nípọn, ó ga nílẹ̀. A gbọ́, a sì gbójú fò ó. A rò pé ìtàn àgbà lásán ni.

Bọ̀dá yá wa ní ọkọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ kan, ìyẹn bọ́ sí àsìkò tí Màmá fẹ́ lọ rí dókítà. A fi wọ́n jókòó sẹ́yìn ní apá ọ̀tún, níbi tí ọ̀gá máa ń jókòó. Ọ̀kan wa ń wakọ̀, èkejì ń tẹ bọ́tìnnì láìsọ fún wọn, ó sì ń kọ ohun tí wọ́n bá ṣe sílẹ̀.

A kò ní purọ́ mọ́ ọkọ̀ náà. Níbi tí ọ̀dà bá ti dán tí ilẹ̀ kàn ń rọ́ sókè sódò díẹ̀díẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Lórí COMFORT, Màmá sùn. A yí i sí SPORT, wọ́n lajú, wọ́n ní, "Kí lẹ gùn?" A tẹ bíréèkì lójijì, imú ọkọ̀ kò tẹ̀ wálẹ̀ púpọ̀. Ọkọ̀ ìdílé tó ń sá eré lórí títì gidi lójoojúmọ́, pẹ̀lú ọmọ àti ẹrù, yóò jẹ àǹfààní rẹ̀ dáadáa.

Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀dà ti ṣí, "Yéè!" ni COMFORT, "Yéè!" náà ni SPORT. Ìgbà tó di ìkarùn-ún, Màmá ní, "Ṣé ọkọ̀ yìí mọ̀ pé mo wà nínú rẹ̀ báyìí?"

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn la lọ ka ohun tí wọ́n kọ sára táyà. 235/40 R19 ni. Ẹ fi 40 nínú ọgọ́rùn-ún ṣírò 235, mìlímítà 94 péré ni rọ́bà tó wà láàárín rímù àti ilẹ̀. Corolla tí aládùúgbò wa ń lò jẹ́ 195/65 R15, tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 127. Etí kòtò tó mú ti kan rímù kí ṣọ́ọ̀kì tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Bọ́tìnnì kò lè fi kún gíga táyà, kò sì lè fa sípíríǹgì gùn. Ohun tí Bàbá sọ nípa 504 nìyẹn.

Mẹkáníìkì wa ní Ìgàngán wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì jáde pẹ̀lú òróró níka. Ṣọ́ọ̀kì iwájú apá òsì ti ń jò, èyí kì í sì í ṣe ìyàlẹ́nu fún tòkunbọ̀. Ó ní, "Èmi lè tú u o. Ẹ̀rọ tó máa bá kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni n kò ní." A béèrè iye rẹ̀ ní Gate n'Ìbàdàn. Owó ẹyọ kan ju ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Corolla lọ.

Ibí yìí ni ohùn wa kò ti ṣọ̀kan. Ọ̀kan ní ká fi ṣọ́ọ̀kì lásán sí i, ká wá rímù kékeré pẹ̀lú táyà gíga, nítorí ọkọ̀ náà pọ́n, owó rẹ̀ sì dára. Èkejì ní ta ló ń ra agbádá kó tó gé e di bùbá? Iná ìkìlọ̀ á máa tàn lójú Bàbá lójoojúmọ́, rímù kékeré sì lè má gba bíréèkì ńlá tó wà níbẹ̀. A fi ọjọ́ méjì jà á.

Nígbà tí a sọ fún Bàbá pé kí wọ́n má rà á, wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ti fẹ́ràn ọkọ̀ náà. Bọ̀dá pàápàá bínú díẹ̀ kó tó tà á fún ẹnìkan ní Bódìjà. Lójú tiwa, ibẹ̀ ló yẹ ẹ́. Sienna ni àbá wa àkọ́kọ́, Bàbá kọ̀ ọ́, wọ́n ní àwọn èrò á máa dá àwọn dúró pé, "Igbó-Ọrà kan!" Corolla 2005 ni wọ́n rà.

Ohun kan ṣì kù tí a kò tètè rí. Ẹ̀bá táyà ẹ̀yìn ni ìjókòó ọ̀gá tí a fi ọ̀wọ̀ gbé Màmá sí, ibẹ̀ sì ni gbígbọ̀n ọkọ̀ ti ń pọ̀ jù. Iwájú ló súnmọ́ àárín ọkọ̀. A gbé wọn síwájú, a dẹ ìjókòó sẹ́yìn díẹ̀, a ki ìrọ̀rí sí wọn nídìí. Ìrìn àjò àkọ́kọ́ nínú Corolla, wọ́n dé, wọ́n sì wọ ilé ìdáná lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àmọ́ nísinsìnyí tí wọ́n ti ń rí ọ̀nà, Bàbá kò gbádùn mọ́. Láti Tápà ni a ti ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn: "Bàbá Ìbejì, ẹ rọra. Kòtò ń bẹ níwájú."

"Mo ti rí i, Ìyá Ìbejì."

"Ẹ rí i, ẹ sì ń sáré."