Òru Kan Ní Lviv

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, a gbé àpò oògùn kọ́ ẹ̀yìn, a wọ ọkọ̀ ojú irin ní Przemyśl ní ilẹ̀ Poland, ó di Lviv ní Ukraine. Láti ọjọ́ 24 oṣù Kejì tí Rọ́ṣíà ti gbógun dé, bàálù èrò kò fò níbẹ̀ mọ́. Ọ̀nà yìí náà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà gbà sá àsálà.

Ní gbàgede Rynok, wọ́n ti fi aṣọ wé àwọn ère àtijọ́ nítorí àdó olóró. Nígbà tó di alẹ́, kónílé-ó-gbélé dé. Lóru, fèrè ìkìlọ̀ dún. Àwa tí a ń wàásù ìgbàgbọ́ káàkiri, orúnkún wa ń gbọ̀n! Nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, màmá àgbà kan sún fún wa, wọ́n bu búrẹ́dì wọn fún wa. A kò gbọ́ èdè ara wa. Wọ́n ṣe àmì àgbélébùú. A kì í ṣe é ní ìjọ tiwa, ṣùgbọ́n a ṣe Àmín.

Ẹ̀yin ará, aṣọ lè bo ère. Ta ni yóò bo ènìyàn? Ẹ ka Orin Dáfídì 127. Lálẹ́ òní, kí ìdílé yín tó sùn, ẹ rántí àwọn tí ogun lé wọ abẹ́ ilẹ̀.