Oògùn Tí Kì Í Pa Kòkòrò

Ní Ọjà-Ọba, lágbègbè ààfin Ẹ́mírì Ìlọrin, "ó pa á tán" ló ń ta oògùn. Alágbo a gbé gbohùngbohùn sẹ́nu: ìgò kan pa ibà, ìgò méjì pa jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Àbúrò mi tó ń taṣọ níbẹ̀ gbọ́ ọ títí, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, èyí tí dókítà ní kí n máa lò ńkọ́? Ìgbà wo ló máa pa á?"

Mo ní kò ní í pa á. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ ọn.

Tenofovir ló ń lò fún jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B. Antonín Holý ló ṣẹ̀dá rẹ̀ ní Prague, òun àti Erik De Clercq ti Leuven sì jọ ṣe ìwádìí rẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún HIV lọ́dún 2001, wọ́n fọwọ́ sí i fún jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B lọ́dún 2008.

Fáírọ́ọ̀sì jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B kì í dá pọ̀ sí i. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ló ń wọ̀, ẹ́ńsáìmù rẹ̀ a wá máa to èròjà inú sẹ́ẹ̀lì náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan di DNA tuntun, bí ẹní ń sín ìlẹ̀kẹ̀ òkúta pupa tí Ìlọrin fi lókìkí láyé àtijọ́. Tenofovir ni ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n lu ihò rẹ̀ dé àárín nìkan: okùn wọlé, kò ríbi jáde. Sẹ́ẹ̀lì wa ló kọ́kọ́ ń so fọ́sífétì méjì mọ́ ọn, tó fi jọ ojúlówó èròjà. Ẹ́ńsáìmù fáírọ́ọ̀sì a gbé e, a sín in, èyí tó kàn kò sì ní ríbi dì mú. Iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ẹ́ńsáìmù tiwa kì í sábà gba irú ayédèrú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ṣì ń yẹ kíndìnrín wò, torí ibẹ̀ loògùn náà ń gbà jáde.

Ohun tó le ni pé fáírọ́ọ̀sì ti fi DNA kan pamọ́ sí àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì, níbi tí tenofovir kò ti lè bà á jẹ́. Bí oògùn bá dáwọ́ dúró, láti ibẹ̀ ni ẹ̀dà tuntun yóò ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń retí òpin ló wà nínú ewu jù: ara rẹ̀ yá, ó dá oògùn dúró láì bi dókítà, àrùn sì lè dìde padà kó ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ gidigidi.

Mo ṣàlàyé fún àbúrò mi pé bí àyẹ̀wò kò bá rí fáírọ́ọ̀sì nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, oògùn ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ kò tíì parí.