Igi Wo Ló Yẹ Létí Odò Ìlúwẹ̀ẹ́?

Bàbá onílé wa ní Ìjàn-Èkìtì ṣe odò ìlúwẹ̀ẹ́ sẹ́yìn ilé, wọ́n sì ní kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ bá àwọn yan ohun tí àwọn máa gbìn yí i ká. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà!

Ìkógòsì ló wà lọ́kàn bàbá. Wọ́n fẹ́ igi ńlá tí yóò ṣíji bo omi, bíi ti ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé láàrin igbó. Àwa náà fẹ́ràn Ìkógòsì, ṣùgbọ́n omi ibẹ̀ ń ṣàn. Ewé tó bá já sínú rẹ̀, omi á gbé e lọ. Omi ẹ̀yìn ilé kì í lọ síbì kankan. Ewé tó bá já sí i, ibẹ̀ ni yóò jẹrà sí, àfi bí ẹnìkan bá fi àwọ̀n kó o. Ta sì ni ẹni náà bí kò ṣe àwa? Bí a ṣe yọ máńgòrò kúrò nìyẹn. Odán ńkọ́? Òjìji rẹ̀ dára lọ́jà àti níwájú ààfin, àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ máa ń wá omi kiri, ó sì lè la sìmẹ́ńtì.

Ẹni tó ń ta òdòdó mú olómiòjò wá. Òdòdó rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó rí bí agogo, ó wuyì. A kọ̀ jálẹ̀. Májèlé ni igi yẹn láti ewé dé èso. Kóró rẹ̀ lè dá ọkàn ènìyàn dúró. Àwọn ọmọ-ọmọ bàbá ló máa wẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí ohun tí ọmọdé kì í fi sẹ́nu.

Pèrègún ni a fẹnu kò sí. Ó máa ń tutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í wọ́ ewé dànù bíi máńgòrò, bí a bá sì gé igi rẹ̀ gúnlẹ̀, á hù. Ni Mọ́mì, ìyàwó bàbá, bá ké: “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ojúbọ lẹ fẹ́ sọ ilé mi dà ni?”

“Ẹ má bínú, Mọ́mì,” la wí. “Pèrègún yìí náà ni àwọn baba wa fi ń pààlà ilẹ̀. Àwọn òyìnbó ń fowó rà á, wọ́n ń gbìn ín sínú ìkòkò ní pálọ̀ wọn.”

Mọ́mì rò ó títí. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí a gbin koríko ọba sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí àwọn lè máa rí ewé sè mu láàárọ̀. Nílé tiyín ńkọ́, ṣé wọ́n á gbà kí ẹ gbin pèrègún?