Gìtá Tó Ń Gbohùn Padà, Láti Mọ́níyà Dé Akànrán

Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Mọ́níyà, ní Akínyẹlé, lọ́jọ́ Sátidé, kò ní í rìn jìnnà kó tó gbọ́ ìlù. Ìnáwó ni! Bó bá gba inú Ìbàdàn yọ sí Lálúpọn ní Lágelú, níbi tí ojú irin àtijọ́ gbà kọjá, ìnáwó. Ẹgbẹ́dá ńkọ́? Ìnáwó ni. Títí dé Akànrán ní Ọ̀nà-Àrà, níbi tí àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà ti dìde sí ìjọba lórí owó orí ní 1968 sí 1969.

Níbi tí eléré jùjú bá wà, ẹ wo ẹsẹ̀ onígìtá. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò ju páálí ṣúgà lọ. Bó bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ohùn gìtá á lọ, á tún padà wá, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni pariwo lẹ́bàá òkè. Gbohùngbohùn nìyẹn.

Láyé ọjọ́un, téèpù ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Space Echo tí Roland ti Jàpáánì gbé jáde ní 1974, àpótí ńlá ni, téèpù ń yí nínú rẹ̀. Ta ló fẹ́ ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọ oko nínú eruku? Òmíràn wà tí kò lo téèpù. Philips ti Hóláńdì ló gbé ọgbọ́n rẹ̀ jáde ní 1969. Ṣe ni ohùn ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ nínú rẹ̀, bí ará àdúgbò tó tò láti odò débi ilé tó ń jó, tí wọ́n ń na garawa omi síra wọn. Omi á máa dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ohùn náà fi ń ṣe bàìbàì bó ṣe ń padà wá.

Nígbà tó di ọdún 1980 sókè, ẹ̀rọ dígítà dé, tó ń fi nọ́ńbà ká ohùn bíi kọ̀ǹpútà. Bó ṣe gbọ́ ọ ló ń tún un sọ, ketekete. Ẹ ó ní kí ló wá burú? Gángan ló burú fún! Gángan ń ki ìyá ọlọ́jà, gìtá ń tún ara rẹ̀ sọ gooro lórí rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ oríkì ara rẹ̀, ṣé yóò ná owó?

Làwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ bá padà sẹ́yìn. Wọ́n kọ́ dígítà ní àléébù ẹ̀rọ àtijọ́: kó ṣe bàìbàì, kó máa gbọ̀n bíi téèpù tó ti gbó. Boss, ọmọ ilé Roland, ṣe RE-20 ní 2007, wọ́n tún ṣe RE-2 tó kéré sí i ní 2022, kí wọ́n lè fi mú ohùn Space Echo padà. Ẹnì kan lè pè é ní ayédèrú. Áńkárá tí ẹ̀rọ tẹ àdìrẹ sí lára ńkọ́, ṣé ẹ kì í tà á ni?

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ṣì ń bẹ nínú rẹ̀ o. Bí onígìtá kò bá yí bọ́tìnnì rẹ̀ kí gbohùngbohùn bá ìlù rìn, ẹsẹ̀ oníjó á máa kọsẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń pe eléré sí òkú àgbà, kẹ́ ẹ tó san àsansílẹ̀, ẹ ní kí gìtá àti gángan jọ lù lẹ́ẹ̀kan. Bí orúkọ yín bá yọ, ẹ san án.