Òkú Eku Kì Í Ṣe Ohun Ìfọwọ́kàn

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá tí ń ka ojú ìwé yìí, ọ̀rọ̀ eku ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín, nítorí ohun tí ojú wa ti mọ́ jù ni a kì í kà sí.

Ìyá tí ó bí ìyá mi dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọmọdé ni wọ́n ní ọdún 1924, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú náà. Ibà líle a mú ènìyàn, kókó a sì wú ní abíyá tàbí níbi tí itan gbé pàdé ikùn. Ẹlòmíràn kì í lò tó ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó kú. Ọdún mélòó kan ni àrùn náà fi ń padà wá, tó bẹ́ẹ̀ tí Ìjọba fi dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún àwọn àdúgbò tí ó há gádígádí ṣe. Láti ìgbà náà ni ìyá wa àgbà ti mú òfin kan bọ̀: ọmọdé kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan òkú eku. Omi híhó ni wọn yóò kọ́kọ́ dà lé e. Ṣọ́bìrì ni wọn yóò fi gbé e lọ rì mọ́lẹ̀.

Nígbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ìdí rẹ̀. Ní 1894, Alexandre Yersin rí kòkòrò àìfojúrí tí ń fa àrùn náà ní Hong Kong. Ní 1898, Paul-Louis Simond, oníṣègùn ọmọ Faransé, fi hàn ní ìlú Karachi pé eégbọn wẹ́wẹ́ kan tí í fò ni ó ń gbé e láti ara eku dé ara ènìyàn. Bí eku bá kú, tí ara rẹ̀ sì tutù, eégbọn a fi í sílẹ̀, a wá ẹlẹ́jẹ̀ gbígbóná mìíràn lọ.

Àrùn náà ti kúrò ní Èkó, bí ó tilẹ̀ ṣì wà ní Madagascar. Ṣùgbọ́n eku kò kúrò lọ́dọ̀ wa, kòkòrò mìíràn tí à ń pè ní leptospira sì ń bẹ nínú ìtọ̀ rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ tí àgbàrá bo títì, ìtọ̀ náà a dà pọ̀ mọ́ ọn, a sì gba ojú ọgbẹ́ wọ ara. Ibà, orí fífọ́ àti ìrora iṣan ẹsẹ̀ ni ó fi í bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá le, a di ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, kíndìnrín a sì bàjẹ́. Nítorí pé ó jọ ibà tí ẹ̀fọn ń fà, ìyá mìíràn a ra oògùn ibà fún ọmọ, a sì jókòó tì í. Ẹ má jókòó tì í. Ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì sọ fún un pé ó wọ àgbàrá. Oògùn wà fún àrùn méjèèjì, bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Àwọn ọmọ-ọmọ tèmi ń la irú omi bẹ́ẹ̀ kọjá bí wọ́n bá ń ti ilé-ẹ̀kọ́ bọ̀. Àwọn ni mo ń rò bí mo ti ń kọ̀wé yìí.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Oúnjẹ tí a kò dé ni ó ń pe eku wọlé. Ẹ kó gàárì sínú agolo tí ó ní ìdérí, ẹ gbé ààtàn jìnnà sí ilé ìdáná, ẹ dí ihò ara ògiri, kí ẹ sì wọ bàtà rọ́bà fún ọmọ nígbà òjò. Iṣẹ́ kékeré ni, ó sì sàn ju à ń sá kiri lóru lọ.