Afẹ́fẹ́ Mi Wà Lẹ́yìn Ọkọ Mi

Bí mo bá sọ fún àwọn tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní yunifásítì pé èmi àti ọkọ mi máa ń mòòkùn lópin ọ̀sẹ̀, àwọn ọkùnrin Mákòókò ni ọkàn wọn kọ́kọ́ máa ń lọ sọ́dọ̀, àwọn tí wọ́n ń tọ àkàbà igi sọ̀kalẹ̀ lọ wa yanrìn nísàlẹ̀ ọ̀sà Èkó, tí wọ́n sì ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbé e gòkè. Kò sí ẹ̀rọ kankan lára àwọn yẹn. Èémí tí wọ́n fà sínú lókè ni wọ́n gbé lọ, òun náà ni wọ́n sì gbé bọ̀. Àwa kò tó fi ara wa wé wọn. Sílíńdà ni àwa ń gbé pọ̀n, a sì ń mí nísàlẹ̀ omi bí ẹni tó jókòó sí pálọ̀, títí di ìgbà tí irin tàbí rọ́bà kan bá kọ iṣẹ́.

Leicester ni a ń gbé, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa débẹ̀. Ibi tí a ti ń mòòkùn kò jìnnà sílé: Stoney Cove, kòtò ńlá kan tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta láyé àtijọ́, tí omi wá kún. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú un lọ. Nígbà tó délé tó ń ròyìn, mo ní n kò ní jókòó sétí omi kí n máa ka ìṣẹ́jú. Bí yóò bá wọ̀ ọ́, a jọ máa wọ̀ ọ́ ni. Báyìí ni a ṣe jọ kọ́ ọ, tí a sì jọ gba ìwé ẹ̀rí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí a ń gbé. Irin ni sílíńdà wa, inú rẹ̀ gba lítà 12, a sì máa ń rọ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ títí di báà 232. Kò sí ẹ̀dọ̀fóró tó lè gba irú agbára bẹ́ẹ̀. Régúlétọ̀ ló ń bá wa dín in kù, bí èyí tó wà lórí gáàsì ìdáná ṣe ń ṣe. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tiwa ń wo bí omi ṣe ń tẹ̀ wá tó kó tó mọ ìwọ̀n tí yóò fún wa. Àwọn ará Faransé méjì, Jacques Cousteau àti Émile Gagnan, ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ dáadáa ní 1943. Fáàfù tó ń bu gáàsì fún ẹ́ńjìnnì mọ́tò ni Gagnan tún ṣe fún un.

Mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá tí a bá sọ̀kalẹ̀, omi ń fi nǹkan bíi báà kan kún ohun tó ń tẹ̀ wá. Ní mítà 20, èémí kan ṣoṣo ń gba afẹ́fẹ́ ìlọ́po mẹ́ta èyí tó ń gbà lókè. Sílíńdà tí ìbá tó ènìyàn fún wákàtí méjì lórí ilẹ̀ kò ní ju nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lọ mọ́, bí a bá yọ ti ìpamọ́ kúrò. Bí tèmi bá daṣẹ́ sílẹ̀, ẹnu kejì tó wà lára régúlétọ̀ ọkọ mi, èyí tí rọ́bà rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, ni n óò gbà sẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í so ó síbi tó bá wù wá. Àyà rẹ̀ ló máa ń wà, lójú kan náà nígbà gbogbo, kí ọwọ́ mi lè rí i bí omi tilẹ̀ dúdú bí adú.

Màmá mi wá bá wa gbé fún oṣù mẹ́ta nígbà tí Ìyanu ń lọ sí ọmọ ọdún méjì. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, apẹja ni bàbá tó bí wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ẹrù wa, wọ́n ní, "Ta ló ń lé yín? Àwọn tó ń wọ inú omi nílé wa, ẹja ni wọ́n ń wá. Kí ni ẹ̀yin sọ nù síbẹ̀?" N kò rí èsì fọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a ti etíkun Wales dé, tí a da gbogbo ẹrù sínú ọpọ́n ìwẹ̀, Màmá gbé àpótí ìjókòó sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, wọ́n ń wò wá.

Iyọ̀ ni ọ̀tá. Omi òkun tó bá gbẹ sára fáàfù yóò fi iyọ̀ wẹ́wẹ́ sílẹ̀, iyọ̀ náà yóò sì máa ha àwọn òrùka rọ́bà tó ń dí ojú ihò. Omi tí kò níyọ̀, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ni a fi ń rẹ ẹ́. Kí a tó rì í, a ní láti nu ìdérí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ régúlétọ̀ kó gbẹ, kí a sì dè é pa. A kò sì gbọdọ̀ tẹ bọ́tìnnì iwájú rẹ̀ nígbà tó wà nínú omi láìsí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, torí omi yóò gba ibẹ̀ wọlé. Ní ti ẹ̀wù afẹ́fẹ́, èyí tí à ń fẹ́ bíi tíúbù mọ́tò kó lè gbé wa léfòó, a ó da omi sínú rẹ̀, a ó mì ín, a ó dà á nù, a ó wá fẹ́ ẹ kún, a ó sì fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Bó bá ti rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń jò nìyẹn.

Màmá kò sọ̀rọ̀ títí mo fi ń fi ìka tọ rọ́bà kọ̀ọ̀kan láti orí dé ìdí, tí mo ń tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti sán. Wọ́n wá ní bàbá àwọn kì í jẹun alẹ́ kó tó na àwọ̀n rẹ̀ kó sì fi ìka wá ihò inú rẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá ní àwọ̀n náà ṣì dára, á ní ẹja ló mọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti dé, ìbéèrè wọn ni pé, "Ẹ ti na àwọ̀n?"

Ohun tí a kì í fọwọ́ kàn nílé ni inú régúlétọ̀. Lọ́dọọdún ni a ń gbé e lọ fún ẹni tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Sílíńdà ní àsìkò tirẹ̀ ní Britain: ọdún méjì àtààbọ̀ fún yíyẹ inú rẹ̀ wò, ọdún márùn-ún fún fífi agbára omi dán an wò. Bí omi bá wọ inú irin, ó lè dípẹtà, ìpẹtà sì ń jẹ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ń kọ́? Ará Èkó mọ èéfín jẹnẹrétọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo wa ti gbọ́ nípa ìdílé tó gbé e sẹ́bàá fèrèsé sùn, tí wọn kò jí. Gáàsì kan náà, carbon monoxide, tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀, lè wọ sílíńdà bí ẹ́ńjìnnì bá ń tú èéfín sítòsí ibi tí ẹ̀rọ tó ń rọ afẹ́fẹ́ ti ń fà á. Ìwọ̀n díẹ̀ tí ara lè fara dà lókè lè di májèlé nísàlẹ̀, torí ìlọ́po tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, mo máa ń lọ wo ẹ̀yìnkùlé ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ kí n tó sanwó. Ọkọ mi ní ojú ń ti òun. Kó máa tì í.

Ọ̀rọ̀ ìtìjú yìí le láàárín wa ju omi tútù lọ. Wọ́n tọ́ mi dàgbà pé ohun tí ọkọ bá ti ṣe, ìyàwó kì í tún un yẹ̀ wò lójú àwùjọ. Òfin ìmòòkùn sì ní kí ẹni méjì yẹ ara wọn wò kí wọ́n tó wọmi: ẹ̀wù afẹ́fẹ́, òjé tó ń fà wá sísàlẹ̀, àwọn ìdè, afẹ́fẹ́ mímí. Ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, ọkọ mi to ẹrù tirẹ̀ tán, ó ní, "Mo ti yẹ tèmi wò, Ìyá Ìyanu, jẹ́ ká lọ, òtútù ń mú mi." Géèjì rẹ̀ wà ní 210. Mo ní kó fa èémí mẹ́rin lójú mi. Ó fà á, abẹ́rẹ́ géèjì já wálẹ̀ sí 150, ó tún padà gòkè. Ó fa òmíràn, ó tún já wálẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tó bá ń jó báyẹn ń sọ pé fáàfù kò ṣí tán. Lókè, afẹ́fẹ́ tó ń gba ojú tóóró náà kọjá tó o, nítorí náà kò fura. Ní mítà 20, ìlọ́po mẹ́ta ni ìbá nílò, ojú náà kò sì ní fẹ̀ sí i. Ẹni tó bá a gbé sílíńdà sẹ́yìn ló yí fáàfù sí ìhà tí kò yẹ, ó rò pé òun ti ṣí i tán, ó wá dá a padà díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn àgbà amòòkùn kan. Èmi kò fẹ́ràn àṣà náà rárá: kí a ṣí i tán, tàbí kí a tì í pa.

Ó ṣí i tán. A kò sọ̀rọ̀ títí a fi wọmi. Nínú mọ́tò, nígbà tí à ń padà sílé, ló ní, "Ṣé o kò gbà mí gbọ́ ni?" Mo ní mo gbà á gbọ́, fáàfù ni n kò gbà gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà pẹ́ kó tó dé.

Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti régúlétọ̀ tòkúnbọ̀ kan tó rà lọ́wọ́ ẹni tó ń mòòkùn nílẹ̀ olóoru. Ó dára lójú, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé inú omi tí kò tutù ju dígírì 10 lọ ni kí a ti máa lò ó, omi tiwa sì máa ń tutù jùyẹn lọ nígbà òtútù. Afẹ́fẹ́ tó bá ti inú agbára ńlá bọ́ sí kékeré a máa tutù gan-an. Yìnyín lè mú fáàfù inú régúlétọ̀ ní ṣíṣí, kí afẹ́fẹ́ máa tú jáde ṣùùù títí sílíńdà yóò fi gbẹ. Ọkọ mi ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni òun yóò lò ó. Màmá, láti Ẹ̀pẹ́ lórí fóònù, ní kó tà á. Ó ṣì wà lórí ìṣó nínú yàrá ẹrù.

Sílíńdà tèmi ti pé ọdún méjì àtààbọ̀, ó wà níbi àyẹ̀wò, nítorí náà èmi àti Ìyanu ni yóò jókòó sétí omi lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni yóò bá a wọlé. Mo ti pe ọkùnrin náà. Mo ní kó ní kí Bàbá Ìyanu fa èémí mẹ́rin, kí ojú rẹ̀ má sì kúrò lára géèjì.